Òrùka Dúdú Méje Lára Ṣẹ́ẹ̀tì Mi

Erin tó wọ àgọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì ga ju ilé ìwé wa lọ. Etí rẹ̀ kan ṣoṣo tó bo ilé oníyàrá mẹ́ta. Ó wá dúró síwájú àgọ́ tí mo sùn sí, ó ń mí fìn-ìn, èmi náà dúró, mo tẹjú mọ́ ọn. Mo ní, "Èmi náà ń jẹ́ Njobvu, erin náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nílé wa. Orúkọ kan là ń jẹ́. Yáa yà fún mi." Bó ṣe yí padà nìyẹn, tó ń lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Irọ́ gbuu!" Kondwani ọ̀rẹ́ mi ló pariwo bẹ́ẹ̀ nídìí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń rò. "Fackson, abẹ́ ọkọ̀ la ti fà ẹ́ yọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ nìkan la rí."

"Mo lọ wo táyà ni jàre."

"Ṣé táyà ló wá ń ké 'màmá mi ò' yẹn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìlara ló ń bá wọn jà.

Àwa mẹ́rìnlá ni Tíṣà Zimba kó wá láti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ẹranko ní ilé ìwé wa. Ọjọ́ mẹ́ta la fẹ́ lò nínú igbó ìjọba, létí odò Luangwa, níbi tí àwọn erinmi ti ń hanrun látàárọ̀ bí àwọn àgbà ìjọ tó jẹun yó. Iṣẹ́ wa ni ká bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wá pańpẹ́ wáyà tí àwọn tó ń jí ẹran pa dẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí wáyà jù ni Bàbá Sakala, olórí ẹ̀ṣọ́, máa fún ní fìlà orí rẹ̀. Fìlà aláwọ̀ ewé ni, ogún ọdún ló ti ń dé e. Kò sí kìnnìún tí kò mọ fìlà yẹn.

Tíṣà ti sọ ọ̀rọ̀ fìlà yìí fún wa ká tó kúrò nílé. Èmi náà sì ti sọ fún gbogbo abúlé pé ó ti di tèmi. Mo sọ fún pásítọ̀. Mo sọ fún àwọn obìnrin tó ń pọnmi lódò. Mo sọ fún ewúrẹ́ wa. Tí mo bá wá padà délé lórí òfo ńkọ́? Mo bá wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà. Gilibati lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Bàbá Tiyese là ń pè é, torí ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré. Láyé ijọ́un, kò sẹ́ni tó mọ pańpẹ́ dẹ tó o ní gbogbo àfonífojì wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmàdò kan ti gé àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti kó wáyà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́, tó tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò dẹ pańpẹ́ mọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin. Wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú wáyà náà, kó lè máa fi so ilé oyin kọ́ sára igi. Èyí tí kò tíì lò wà ní òrùlé ilé ìdáná, ó ká bí òrùka, kókó pańpẹ́ tó ta sí i láyé ijọ́un ṣì wà lára rẹ̀, èéfín sì ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri.

Mo yọ méje níbẹ̀. Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun ilé ìwé mi wé wọn kí wọ́n má baà máa dún, mo sì tì wọ́n bọ ìsàlẹ̀ báàgì mi. Wáyà ni wáyà. Ta ló máa mọ̀?

Torí náà, lẹ́yìn tí erin ti bẹ̀ mí tán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a wọ igbó. Oòrùn yẹn lè din ẹyin lórí èèyàn. A rìn tó ọgọ́rùn-ún máìlì, ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní mẹ́ta, a ò rí nǹkan kan. Masiye ló kọ́kọ́ dúró. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo nǹkan ló máa ń kọ sínú ìwé kékeré kan.

Ó ní, "Koríko ibí yìí ti tẹ̀. Nǹkan kan ń jà níbẹ̀."

Àgbọ̀nrín ni. Wáyà ti kó sí i lẹ́sẹ̀, ó ti ń fà á títí ó fi rí eegun. Bàbá Sakala bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ẹranko náà lójú, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì gé wáyà yẹn. Àgbọ̀nrín náà dìde, ó ń gbọ̀n, ó wò wá, ó wá ta kítíkítí wọ inú igbó. Mi ò ní fi nǹkan kan kún èyí. Bí mo ṣe rí i nìyẹn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Masiye. Kondwani fi ìgúnpá gbún mi. "Fìlà ń lọ o, Fackson! Kí lo máa sọ fún ewúrẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi lágara. Mo ní ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo wọ inú igbó ṣúúrú kan pẹ̀lú báàgì mi, mo so wáyà méjèèje mọ́ ìdí igi wéréwéré, mo wá figbe ta.

"Ẹ wá o! Mo rí i! Méje! Àfi bí ẹni pé wọ́n ń pe orúkọ mi!"

Ẹ wò ó, wọ́n gbé mi sókè. Tíṣà Zimba bọ̀ mí lọ́wọ́. Bá a ṣe dé àgọ́, Bàbá Sakala ṣí fìlà, ó fi dé mi lórí, ó sì já wá bò mí títí dé imú.

Kondwani ní, "Fìlà ló dé ẹ, ìwọ kọ́ lo dé e."

Tíṣà ní ká lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé wa ká ya fọ́tò. Gbogbo wọn jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni èmi wọ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀tì ẹ dà?"

"Ẹfọ̀n kan mí sí i, sà."

"Ẹfọ̀n wo?"

"Ọ̀kan báyìí, sà. Ó ní ikọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ ọba.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo ń yan kiri pẹ̀lú fìlà mi, mo dé ìdí igi pàǹdòrò tí Bàbá Sakala jókòó sí. Ó kó wáyà méjèèje sórí ẹsẹ̀, ó ń yí ọ̀kan po níwájú ojú rẹ̀. Kò rí mi. Ó pe ẹ̀ṣọ́ kékeré tó ń jẹ́ Mwanza.

"Wá wo bí wọ́n ṣe ta kókó yìí. Ó yí i sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ki etí rẹ̀ bọ inú. Ẹni tó bá ní àtàǹpàkò kì í ta á báyìí."

Mwanza wò ó. "Ó dà bí ọwọ́ Bàbá Tiyese."

"Òun ni. Wáyà tá a ní kó fi so ilé oyin ló tún kó wá sínú igbó." Bàbá Sakala fi ọwọ́ nu ojú. "Mwanza, èmi ni mo dúró fún un. Èmi ni mo sọ fún ọ̀gá pé Gilibati ti yí padà."

"Ìwé tó tọwọ́ bọ̀ sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni, sà."

"Mo mọ̀. Lọ gbé ọkọ̀."

Ẹnu mi ṣáà ti mọ ohun kan ṣoṣo tó máa ń ṣe, ló bá tún ṣe é. "Bàbá Sakala! Mo rántí! Mo rí ọkùnrin kan tó ń sá lọ níbẹ̀! Ó ga, ó tó igi yìí!"

Bàbá wò mí lójú. "Ṣé o rí ọwọ́ òsì rẹ̀?"

Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sídìí ọkọ̀.

Mo dúró síbẹ̀. Mo ń ro bí Bàbá Tiyese ṣe máa na ọwọ́ méjèèjì síwájú, èyí tó ní àtàǹpàkò àti èyí tí kò ní, kí wọ́n lè fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i. Tí mo bá dákẹ́, fìlà ṣì jẹ́ tèmi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ọkọ̀ náà dún, gbogbo ẹgbẹ́ wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì jáde wá wò. Mo sáré lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Èmi ni! Èmi ni mo kó wáyà yẹn wá láti ilé! Bàbá Tiyese ò mọ nǹkan kan!"

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kondwani ní, "Fackson tún ti dé. Láàárọ̀, ó lé erin. Nísinsìnyí, ó fẹ́ lọ bá bàbá ṣẹ̀wọ̀n."

Tíṣà Zimba mú mi lápá. "Fackson, kúrò lọ́nà. A mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n màmá ẹ ni, ó dun gbogbo wa."

"Tíṣà, òótọ́ ni mò ń sọ!"

"Ohun tó o sọ nípa ẹfọ̀n náà nìyẹn."

Bàbá Sakala yọrí jáde lójú wíńdò. "Ọmọ, tó bá jẹ́ èmi, èmi náà á parọ́ gba ẹni tó tọ́ mi sílẹ̀. Mi ò bínú sí ẹ. Yà lọ́nà."

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyọ kan tó gbà mí gbọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Omi dà lójú mi, kì í ṣe omi ojú ẹ̀tàn.

Masiye nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí lo fi wé wọn tó o fi gbé wọn wá?"

Ṣẹ́ẹ̀tì!

Mo sáré wọ àgọ́ débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, mo tú báàgì dà sílẹ̀, mo sì tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sí iwájú ọkọ̀. Èéfín ilé ìdáná wa ti ya òrùka dúdú sí i lára, ní ẹ̀yìn, ní àyà, lápá. Ẹ̀rín dá. Masiye tẹ̀ ba, ó ń fi ìka kà wọ́n. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta." Ó kà á dé méje. Bàbá Sakala sọ̀ kalẹ̀, ó gbé wáyà kan lé òrùka kan. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Mélòó lo kó nílé?"

"Méje, sà." Mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀.

Ó pa ọkọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku. "Mo ti fẹ́ lọ mú ọ̀rẹ́ mi," ló ń sọ. "Torí fìlà. Torí fìlà tí mo ra lọ́jà."

Mo ṣí fìlà náà fúnra mi. Mo fẹ́ gbé e fún un, àmọ́ ó na ọwọ́ sí Masiye. Wáyà kan péré ni Masiye rí, àgbọ̀nrín kan sì ń rìn nítorí rẹ̀. Fìlà náà bò ó dé imú.

Tíṣà Zimba yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ títí ọdún yẹn fi parí. Èmi ni mo fọ gbogbo ìkòkò títí a fi kúrò níbẹ̀, ìkòkò igba. Ó dáa, mẹ́fà.

Bàbá Sakala fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé mi délé, ó kó wáyà lé mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Bàbá Tiyese wà lábẹ́ igi, ilé oyin tuntun méje wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò rí nǹkan so wọ́n. Ó ti tú òrùlé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti bá Tiyese wí pé òun ló fi wáyà ṣeré. Ọmọ ọdún mẹ́fà náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá Tiyese gba wáyà náà lọ́wọ́ mi.

"Mélòó lo wí?"

"Méje, sà."

"Ó dá ẹ lójú? Kì í ṣe ogójì? Kì í ṣe pé kìnnìún ló bá ẹ gbé e?"

"Méje ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Èmi kọ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ bẹ̀."

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Tiyese. Mo ní, "Tiyese, èmi ni mo kó wáyà, ìwọ kọ́." Ó wò mí títí. Ó ní, "Mo ti sọ fún wọn." Kò sóhun tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn ní gbogbo ìrìn àjò náà. Òun náà ti sọ òótọ́, wọn ò gbà á gbọ́, kò sì tíì parọ́ rí.

Bàbá Tiyese ní kí n gun igi. A so ilé oyin méjèèje. Oyin ẹgbẹ̀rún kan ló ta mí. Tiyese wà nísàlẹ̀, ó ń kà á. Mẹ́rin ni.

Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn títí, òrùka yẹn ò lọ. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé ní gbogbo táàmù nìyẹn. Ẹni tó bá bi mí, mo máa ń sọ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ bá ń fọ́nnu bíi tèmi, ẹ gbọ́: ẹ má fi irọ́ gba ohun tí ẹlòmíì fi òógùn wá, torí ẹni tó máa san án lè jẹ́ ẹni tó fún yín lóúnjẹ jẹ láàárọ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa ní òótọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ẹ ó sì fẹ́ kí wọ́n gbà yín gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Erin ọjọ́ yẹn? Kò ga ju erin lọ. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà.