Géèmù Ọlọ́wọ́ Kan

Ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, ó ń so okùn bàtà rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì fi ń so ó. Apá ẹ̀wù rẹ̀ ti òsì ṣófo, wọ́n ti ká a sókè, wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa. Ó fi àtàǹpàkò tẹ okùn kan mọ́lẹ̀, ó fi ìka yí èkejì ká, ó fà á. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti so.

Ọmọbìnrin tó jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà gbàgbé ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Géèmù ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀: irú ènìyàn tó máa wà nínú tirẹ̀, bí wọn yóò ṣe máa rìn, ohun tí wọn yóò máa wá kiri. Pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi bírò aláìníyíǹkì yàwòrán sí wà lórí itan rẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti ya ọkùnrin náà tán.

"Ṣé èmi nìyẹn?" Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn náà ti wá.

Ó fẹ́ fi ọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. "Ẹ má bínú, sà. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè."

"N kò bínú. Ṣùgbọ́n imú yìí, ṣé tèmi ni àbí o yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, imú parẹ́. Ó ya òmíràn tó kéré.

"Á, dá a padà," ni ọkùnrin náà wí. "Màmá mi ò ní dá mi mọ̀."

Tíṣà ìṣirò ni, ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òdìkejì títì. Ilé ìkàwé yẹn ló ti máa ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí tábìlì kan náà nìyẹn. Ọmọbìnrin náà ń pè é ní Tíṣà, òun náà ń pè é ní Ayàwòrán. Kò pẹ́ rárá tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tíṣà ń wò ó bó ṣe ń kun àwọ̀ sí ọ̀run. Ó ní, "Èmi àti àbúrò mi, géèmù ni oúnjẹ wa nígbà kan. Àtìgbà tí mọ́tò ti ṣe mí báyìí ni mo ti fi í sílẹ̀. Ọwọ́ méjì ni gbogbo wọn ń béèrè."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ Ayàwòrán lára bí ẹ̀gún. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe géèmù tí ọwọ́ kan lè gbá. Kò sọ fún un. Ọjọ́ tí kíláàsì wọn máa fi iṣẹ́ hàn ló tó pè é wá.

Wọ́n pa iná. Ọkùnrin kan yọ lójú ògiri, imú rẹ̀ tóbi, apá ẹ̀wù rẹ̀ kan ṣófo. Ó ń gun òkè, ó ń la odò, ó ń wá apá rẹ̀ tó sọnù. Nígbà tó rí i, ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo ògiri, orin ìṣẹ́gun dún. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Tíṣà dìde, ó jáde.

Ẹnu géètì ni Ayàwòrán ti bá a. "Ẹ̀bùn ni mo fẹ́ fi ṣe fún ọ."

"Mo mọ̀." Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. "Ayàwòrán, ṣé ìgbà tí mo bá rí apá mi ni mo tó pé lójú rẹ?"

Tíṣà bá tirẹ̀ lọ, àga rẹ̀ ní ilé ìkàwé sì ṣófo láti ọjọ́ náà.

Ìyá Ayàwòrán, agbẹ̀bí ni, ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. "Bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èèyàn dáadáa ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

"Màmá, ṣebí ìdí tí èèyàn fi ń ní ẹnì kejì nìyẹn, kó lè bá a gbé e."

Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ká aṣọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà padà sára ẹni tó sọ ọ́. Nínú géèmù rẹ̀, òun nìkan ló pinnu ohun tí ọkùnrin yẹn ń wá. Kò bi í.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Tíṣà nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Tíṣà ń nu pátákó ìkọ̀wé.

"Ẹ káàsán, sà."

"Kí ló dé tí 'ẹ' tún padà?"

"Ẹlẹ́bi ni mí. Tó o bá ní kí n pa géèmù náà rẹ́, màá pa á rẹ́ lójú rẹ báyìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní ohun tó yẹ kí n ti bi ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ni ọkùnrin yẹn ń wá?"

Tíṣà jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. "Búrẹ́dì," ló wí.

"Búrẹ́dì kẹ̀?"

"Ó fẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù kí èyí tó gbóná tó tán. Tí mo bá jí láàárọ̀, n kì í rántí apá. Ebi ni mo máa ń rántí."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Nígbà tó rọlẹ̀, Tíṣà ní, "Èmi náà ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é, mo sì bínú lọ."

Wọ́n jọ tún géèmù náà ṣe. Nígbà tó parí, Tíṣà wá kí ìyá Ayàwòrán. Ọmọ tuntun tí ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán bí wà léjìká ìyá, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí géèmù tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí. Ó fi àtàǹpàkò gbá a lórí fóònù. Búrẹ́dì ń tán mọ́ ọn lójú, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Ọmọ sùn, ìyá kò gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ wò ó, ọwọ́ kan ni mo fi ń ṣe é," ló wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè wo Tíṣà. "Ẹ bá mi gba ọmọ yìí."

Tíṣà tẹ apá rẹ̀, ó gba orí ọmọ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìdí rẹ̀. Ọmọ kò jí. Ìyá, tó ti gbé ọmọ lé ọ̀pọ̀ bàbá tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lọ́wọ́, wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ó dáa," ló wí, ó sì lọ gbé omi wá fún un.

Lójú ọ̀nà ibi tí Tíṣà ti máa wọ ọkọ̀, ó dúró. "Ayàwòrán mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti ń fẹ́ ọ tipẹ́. Ìgbéyàwó nìkan ló kù."

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, akọ̀wé kò gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà. "Ìyàwó, ẹ fi òrùka sí ọkọ lọ́wọ́ òsì."

Akọ̀wé gbójú sókè, ó rí apá ẹ̀wù tó ṣófo, ojú tì í. Kó tó la ẹnu, ìyá Ayàwòrán ti fọhùn lẹ́yìn wọn.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ mi ní," ló wí. "Ibẹ̀ ni kí wọ́n fi sí."

Tíṣà yíjú wò ó. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí Ayàwòrán. Ayàwòrán dì í mú, ó sì fi òrùka náà sí i.