Ohùn Kejì Lórí Ohùn Òkè

"Fẹ̀hìntọlá, dúró ná!" Israel na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà ìjọ tí wọ́n fi ń tẹ àmì orin. "Má tẹ ohùn kejì sórí ohùn òkè tó gbé orin gan-an. Yan ààyè kejì kí o tó bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, orí ìlà kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ohùn kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀."

Fẹ̀hìntọlá kò wojú rẹ̀. Nígbà tó ṣi orin kọ lọ́jọ́ Àjíǹde, Israel ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín láàárín gbogbo ẹgbẹ́ akọrin Ìbẹ̀ṣẹ́.

"Ọ̀gá akọrin!" Fẹ̀hìntọlá fi í ṣẹ̀sín. "Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún àbí ìwọ?"

"Ìwọ ni. Àmọ́ èyí tí ò ń tẹ̀ yìí á jẹ èyí tó wà ńlẹ̀."

"Kó jẹ ẹ́ tán náà! Máa lọ."

Israel gbé báàgì rẹ̀, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá àgbà Fẹ̀hìntọlá ló ni orin tó ń tẹ̀ náà. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Fẹ̀hìntọlá sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ìjọ tó gbé lọ síbẹ̀; kò sí níbòmíràn. Kò jẹ́ kí wọ́n gba ohùn òun sínú fóònù. "Ohùn tó ń gbọ̀n yìí kọ́ ni kí ẹ fi rántí mi," ló wí. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Orin yìí ni wọ́n fẹ́ fi sin ín.

Bí Fẹ̀hìntọlá ṣe ń tẹ ohùn kejì, ohùn òkè ń pòórá lójú rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀rọ kàn gbé e pamọ́ ni, pé méjèèjì yóò jáde sórí ìwé. Síbẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Israel kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà. Kò pè é. Ó tẹ ohùn kejì tán, ó fi iṣẹ́ náà pamọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí wọ́n pín ìwé orin, ohùn kejì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Orin gan-an dà?" Bọ̀dá Ògúnwálé, olùdarí akọrin, béèrè.

Israel wá a títí nínú kọ̀ǹpútà. "Kò sí mọ́, sà."

"Fẹ̀hìntọlá, kọ ọ́ ká gbọ́."

Ó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Èkejì dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀kẹta kò wá rárá.

Ní Ẹ̀pẹ́, orin inú ìwé tí wọ́n ń kọ fún gbogbo òkú ni wọ́n fi gbé ìyá àgbà wọ ilẹ̀. Màmá Fẹ̀hìntọlá fà á létí aṣọ. "Ìgbà wo lẹ máa kọ ti màmá mi?"

Fẹ̀hìntọlá ká ìwé orin ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Israel dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ lè ṣẹ̀ ọ́ lóòótọ́. Bó bá sọ òótọ́, gba òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa bá ìbínú rẹ lọ bó bá wù ọ́.