Oṣù Tí Ìyá Dúrósinmí Yọ Kúrò

Ilé Olóòyì kọ̀, kò yí. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, aboyún mẹ́rin ti gba abẹ́rẹ́ tán, wọ́n ti dùbúlẹ̀ de iṣẹ́ abẹ, ni ẹ̀rọ ńlá náà bá kérora lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Wọ́n sáré kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó di ilé ayé. Ọkọ̀ yẹn náà ló yẹ kó kó oògùn mìíràn bọ̀. Títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, a ò rí i. Ọ̀rọ̀ ìlú yẹn ti sú ni, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹni tí kò bá dé Òkè-Sánmà rí lè bi mí pé kí ló dé tí ilé gbọ́dọ̀ yí kí obìnrin tó bímọ. Ìlú tó léfòó lókè ayé ni, kò sí ohun tó wúwo níbẹ̀. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kò ní jábọ́. Ikùn aboyún kì í sọ̀ kalẹ̀, torí kò síbi tó fẹ́ sọ̀ sí. Bí dókítà bá gbé ọ̀bẹ lé ara èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á máa fò kiri yàrá bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ Ilé Olóòyì, tó máa ń yí títí ara gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fi padà wúwo. Agbára oòrùn tó ń jẹ pọ̀, nítorí náà ogójì ogójì ọjọ́ ló ń yí, fún ọjọ́ kan péré. Aboyún tí kò bá lè dúró de ìyípo tó ń bọ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á gbẹ̀bí rẹ̀, oṣù pé o, oṣù ò pé o. Ẹni tí oṣù rẹ̀ ò pé á gba abẹ́rẹ́ amẹ́dọ̀fórógbó méjì, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó kó tó kan afẹ́fẹ́.

Nígbà tí wọ́n tún Ilé Olóòyì ṣe tán, abẹ́rẹ́ méjì péré ló kù. Ìpín ẹnì kan nìyẹn. Aboyún tó sì ń dúró jẹ́ méjì: Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó Dúrósinmí, àti Tinúọlá aládùúgbò wọn, tí ọkọ rẹ̀ ń bẹ nínú ọkọ̀ tí kò dé yẹn.

Oníṣirò, ẹ̀rọ tó ń ka oyún ìlú, ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé ìwòsàn níṣojú gbogbo ayé: Mọ́rẹ́nikẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Tinúọlá, ọ̀sẹ̀ márùndínlógójì. Oníṣirò kò lè wọn ọmọ tó ń léfòó nínú ikùn. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló gbà gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní, tí kò tíì sùn dáadáa láti oṣù méjì, gbé abẹ́rẹ́ dání lọ bá Mọ́rẹ́nikẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í.

"Ìyá Dúrósinmí, ẹ má bínú sí mi," nọ́ọ̀sì ní. "Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni lóòótọ́?"

"Ṣé o ò lè kàwé ara ògiri ni?"

"Mo kà á, mà. Ẹ̀yin ni mò ń bi. Bí ọmọ yín bá ti gbó, Tinúọlá ni abẹ́rẹ́ yìí tọ́ sí."

Mọ́rẹ́nikẹ́ wojú ìyá ọkọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì loyún náà. Ìyá Dúrósinmí ló ní kí wọ́n yọ oṣù kan kúrò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún Oníṣirò. Ta ní í ka oṣù aboyún sétí ayé? Ó ti sin ọmọ mẹ́ta kó tó bí Dúrósinmí, orúkọ ọmọ náà ń wí bẹ́ẹ̀. Bó bá sọ òótọ́ báyìí, ògiri á gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, gbogbo ojú á sì dà sí ikùn ìyàwó rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó bímọ. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

"Bí mo ṣe wí náà ni," ó dáhùn. "Oògùn kì í pọ̀ jù fún ọmọ."

"Ó ń pọ̀ jù, mà."

Nọ́ọ̀sì bẹ Dókítà Akínṣẹ̀yẹ pé kí àwọn aboyún méjèèjì gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà mi orí. "Ẹyọ kan ò tó. A ò ní ba ti àwọn méjèèjì jẹ́. Ẹni tí oyún rẹ̀ kéré jù ló ni ín."

Tinúọlá fúnra rẹ̀ ló wá di Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ́wọ́ mú nígbà tó ń gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. "Pẹ̀lẹ́," ó ní, "wọ́n ní ó máa ń ta èèyàn." Lọ́jọ́ kejì ó tún wá fún abẹ́rẹ́ kejì. Odindi ọjọ́ kan ni Ìyá Dúrósinmí ní láti fi la ẹnu, kò là á.

Ilé Olóòyì yí. Ọmọkùnrin Mọ́rẹ́nikẹ́ ké títí dókítà fi rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin Tinúọlá kò ké. Ó ń kùn bí ẹni gbẹ́rù, igbá àyà rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Wọ́n fi ẹ̀rọ amúnimí sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ilé ṣe ń rọra dúró, èémí ọmọ náà dúró. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọmọ Mọ́rẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ sókè. Bí wọ́n bá gé ìwọ́, ti ọmọ á já wálẹ̀. Omi ṣúgà wọn wà nínú ọkọ̀ tí kò dé. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti dákú lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dà, kò lè fún un lọ́mú. Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà Tinúọlá, ó ń sunkún.

"Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀ ọ́."

Tinúọlá na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá."

Ọmọ náà gba ọmú, ìgbọ̀nrìrì ara rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Dúrósinmí rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń súre bí òjò. Nígbà náà ni Oníṣirò, tó ti wọn ọmọ nígbà tí ara ṣì wúwo, tó sì ti ka ìlà àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fi bí ọmọ ṣe gbó tó hàn, tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe sára ògiri: Mọ́rẹ́nikẹ́, ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì. Kò nílò abẹ́rẹ́.

Tinúọlá kà á. Ó tún un kà.

"Mọ̀mí," ó ní, "ṣé ẹ mọ̀?"

Ìyá Dúrósinmí fẹ́ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ilé Olóòyì ti dúró; ó ká ẹsẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó kàn ń fò sókè ni.

"Mo mọ̀," ó ní.

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ láti gba ọmọ. Tinúọlá yí èjìká dà sí i.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Kò tíì yó."