Ojú Ẹni Tó Ni Bàtà

Ọwọ́ ọkùnrin náà ni ọmọbìnrin ayàwòrán náà kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́bàá fèrèsé, ó ti ọwọ́ bọ inú bàtà ọmọdé kan títí dé ọrùn ọwọ́, ó sì dijú bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, eruku awọ ń fò lẹ́lẹ́ nínú rẹ̀, òórùn gọ́ọ̀mù sì gba gbogbo yàrá. Bó bá ti yẹ inú bàtà kan wò tán, á gbé e sápá ọ̀tún, á tún mú òmíràn. Ayàwòrán yìí ti ya ìyàwó tó ń sunkún, ó ti ya olóṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín èké, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìṣó nínú bàtà ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ rí. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbé kámẹ́rà sójú, ó ti yà á.

Ìró kámẹ́rà ló mú kí ọkùnrin náà lajú.

"Ẹ má bínú o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ọ̀gá yín ni mo wá yà, mi ò bá wọn ní ọ́fíìsì. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n wà?"

Ọkùnrin náà la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó pa á dé, ó tún là á. "Wọ́n... wọ́n ti j-jáde."

"Ṣé wọ́n máa pẹ́?"

"Wọ́n á p-pẹ́ gan-an."

Ọmọbìnrin náà fa àga kan, ó jókòó. "Kò burú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dúró. Mo ti dúró de oòrùn rí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá yín ò lè le ju oòrùn lọ."

Ibẹ̀ ló jókòó sí tí ọ̀gá ìpolówó iléeṣẹ́ bàtà náà fi já wọlé, tí òógùn bò ó, tó tẹrí ba fún ọkùnrin tó ń ti ọwọ́ bọ bàtà. "Ọ̀gá, gbogbo ilé la ti wá yín dé." Ayàwòrán wo ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ń wo bàtà. Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà débi pé ó ní láti gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kó má baà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayé ìgbà yẹn dùn. Fíìmù ni wọ́n ṣì ń kì sínú kámẹ́rà nígbà náà, ẹni tó bá ya fọ́tò ní láti ṣe sùúrù kó tó rí ohun tó yà. Lónìí tí irun orí obìnrin náà ti funfun, bó bá gbóòórùn awọ tuntun níbikíbi, ọkàn rẹ̀ á fò padà sí yàrá yẹn. Á dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà, kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Bàtà iléeṣẹ́ náà dára, kò sí ẹni tó jiyàn rẹ̀. Bàbá ọkùnrin náà àti ìyá rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, nígbà tí bàbá sì kú, ọmọ di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n akólòlò ni láti kékeré, ojú sì ń tì í. Bí àlejò bá dé, inú yàrá ló ń wà, ìyá rẹ̀ ni yóò jáde lọ sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wá sọ ọ́ ní Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ o, àmọ́ ẹnu kì í sinmi lára ọ̀gá.

Nígbà tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun, wọ́n wá òṣèré kan tó lẹ́wà, wọ́n fún un ní bàtà kó gbá a mọ́ àyà, wọ́n sì tẹ ojú rẹ̀ sára páálí bàtà. Àwọn ará ìlú bá gbà pé òṣèré náà ló ni iléeṣẹ́. Bàbá Oníbàtà ni wọ́n ń pè é, iléeṣẹ́ kò sì sọ pé òṣèré lásán ni.

Ọ̀gá ìpolówó nìkan lara rẹ̀ kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin yẹn bí ẹni ń ta oògùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ lọ́jọ́ tó lọ bẹ ayàwòrán lọ́wẹ̀. "Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, mo gbà. Àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn èèyàn fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú olójú tá a yá yìí, lọ́jọ́ tí olójú bá gbà á padà, kí la fẹ́ gbé sójú?"

Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀, kò ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ṣáà ń rí nǹkan tí ayàwòrán máa wá yà. Bàtà kan ṣoṣo, yóò ní kó wá yà á lápá ọ̀tún. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò ní apá òsì ṣẹ́ kù.

"Ṣé bàtà yìí ń sanra ni?" ni ọmọbìnrin náà bi í lọ́jọ́ kan. "Torí mo ti yà á títí ó ti ń wò mí lójú."

"Ó... ó fẹ́ràn yín ni."

"Bàtà ló fẹ́ràn mi?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbójú sápá kan. "Ẹni tó ṣe é náà f-fẹ́ràn yín."

Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, tó di "ìwọ" àti "ọkàn mi". Wọ́n á jókòó lẹ́bàá fèrèsé ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ ìránbàtà ti dákẹ́, wọn á máa fi ẹ̀pà jẹ búrẹ́dì. Ohun tó ya ọkùnrin náà lẹ́nu jù ni pé bí ọ̀rọ̀ bá há sí òun lọ́nà ọ̀fun, ọmọbìnrin yìí kì í bá òun fà á yọ. Á kàn máa wò ó pẹ̀lú ojú àánú tí kò ní ìkánjú nínú.

"Kí ló dé tí o kì í b-bá mi parí ẹ̀?" ló bi í.

"Nítorí ìwọ lo ni ín. Kí n tó mọ ohun tí o fẹ́ sọ, o lè ti yí i padà nínú. Mi ò fẹ́ pàdánù ìyẹn."

Ọkùnrin náà bu búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó gbé èyí tó tóbi jù fún un.

Ó wá mú un lọ sílé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Màmá jókòó sórí àga tó ti jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, ó fi awò ojú sí ìdajì imú. Obìnrin tó láàánú ni o, ẹ má ṣì í gbọ́. Ó ti bá ọmọ rẹ̀ dá tíṣà lóhùn, ó ti bá a dá dókítà lóhùn, ó ti bá a dá àwọn oníbàárà lóhùn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í rí.

"Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí, "ẹni... ẹni tí mo ní kí ẹ r-rí..."

"Ayàwòrán tó ń bá wa ya bàtà ni," ni Màmá parí rẹ̀. "Mo ti gbúròó ẹ, ọmọ mi. O káre, iṣẹ́ ẹ dára. Ṣé o máa mu omi tútù?"

Ọmọbìnrin náà yíjú sí ọkùnrin náà, ó ń dúró dè é. Ọkùnrin náà la ẹnu. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nǹkan kan wó lulẹ̀ nínú ọmọbìnrin náà. Ó mu omi náà, ó dúpẹ́, ó jáde. Ọkùnrin náà sáré bá a lẹ́nu géètì.

"Mi ò bínú pé ọ̀rọ̀ ò jáde," ni ọmọbìnrin náà wí, omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ǹ bá dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ o mi orí. Orí ò kólòlò, olólùfẹ́ mi. Ẹni tó bá fara pamọ́ fún gbogbo ayé, ó máa fi èmi náà pamọ́, mi ò sì lè gbé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn."

Kò padà lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ń ya àwọn ọmọ tuntun àti àwọn tó gboyè ní ilé fọ́tò rẹ̀, á ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà á fi rẹ́rìn-ín. Tó bá ku òun nìkan, á jókòó, á máa wo ojú pópó, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ọkùnrin náà wá dé òdìkejì ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, ó sì padà.

Àárín ìgbà yẹn ni nǹkan bẹ́. Òṣèré tó wà lára páálí lọ síbi àpèjọ ńlá kan, ó jókòó síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ni ìwé ìròyìn bá gbé fọ́tò rẹ̀ jáde. Bàtà iléeṣẹ́ mìíràn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àmì rẹ̀ hàn gbangba. Wọ́n kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé Bàbá Oníbàtà kì í wọ bàtà ara rẹ̀.

Ìlú kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn. Wọ́n ní ẹni tó se ọbẹ̀ tó ní òun ò ní fi ẹnu kàn án, kí làwọn fẹ́ fi ọbẹ̀ ọ̀hún ṣe. Iléeṣẹ́ kọ ọ́ síta pé òṣèré lásán lẹni inú páálí, kì í ṣe ẹni tó ni bàtà. Àwọn èèyàn fèsì pé, "Ta wá ni? Ẹ jẹ́ ká rí i." Àwọn tó ń ta bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í ru ọjà padà wá.

Ọ̀gá ìpolówó wá bá ayàwòrán, ohùn rẹ̀ ti ha. "Àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa kóra jọ sí àgbàlá wa lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá. Bí ọ̀gá bá jáde, ẹ yà wọ́n. Bí wọn ò bá jáde, ẹ kúkú ya ilẹ̀kùn iléeṣẹ́, torí a ò ní ṣí i mọ́."

Iṣẹ́ niṣẹ́, ni ayàwòrán sọ fún ara rẹ̀, ó sì lọ. Àgbàlá kún dẹ́múdẹ́mú, páálí tí ojú òṣèré wà lára wọn tò gègèrè sílẹ̀. Màmá dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣàlàyé.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ la fẹ́ rí," ni obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kan wí. "Ẹni tó ń ṣe bàtà ni kó jáde."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin náà bọ́ síta, gọ́ọ̀mù ṣì wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sójú.

"Ẹ k-káàárọ̀ o. Èmi... èmi ni..."

"Òun ni ó..." Màmá ti bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n p-parí ẹ̀ fúnra mi."

Màmá dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n sì ní kó panu mọ́.

"Èmi ni mo ni b-bàtà," ni ọkùnrin náà wí. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ẹni inú páálí, a... a háyà ẹ̀ ni. Ìtìjú ló mú kí n fi ojú olójú b-bo tèmi. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe t'ẹni kankan. Àmọ́ kò sí bàtà ọmọdé tó k-kúrò níbí tí mi ò fi ọwọ́ ara mi wò."

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì gbà á ní àkókò púpọ̀. Kò sí ẹni tó kúrò níbi tó dúró sí. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù yẹn wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, bàtà iléeṣẹ́ tirẹ̀ ló wọ̀, èyí tó ti gbó tí wọ́n ti tún àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé páálí ọjà tirẹ̀ padà sórí.

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ nira fún tó báyìí," ló wí, "kò ní fi èyí tó rí sọ pa irọ́. Èmi ń ta tèmi lọ."

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ni ẹlòmíràn dá sí i, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀.

Ayàwòrán ń yà á. Ìgbà yẹn ló rí i pé ọkùnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀dọ̀ òun ló sì ń bọ̀ tààrà.

"Màmá, ó... ó ku ọ̀kan," ló wí. "Lọ́jọ́sí, ẹ b-bá mi parí ọ̀rọ̀, ẹ ṣì í, mo sì mi orí. Ayàwòrán kọ́ ni mo mú wá hàn yín. Ẹni tí mo f-fẹ́ fi ṣe ìyàwó ni, bó bá ṣì gbà."

Gbogbo àgbàlá yíjú sí ọmọbìnrin náà. Ó gbé kámẹ́rà kúrò lójú. "Ìgbà wo lo bi mí tí mo fẹ́ gbà?"

"Mo ń... mo ń b-bọ̀ níbẹ̀."

"Máa bọ̀," ló wí, ẹkún àti ẹ̀rín jọ ń jà lójú rẹ̀. "Mi ò kánjú."

Fọ́tò ọjọ́ náà ni wọ́n tẹ̀ sára páálí: ẹnu ọkùnrin náà là, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ọ̀gá ìpolówó fẹ́ èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ayàwòrán kọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù pé, "Ṣé ti akólòlò wà?" Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbọ́ ẹ̀sùn, ó ń ki ọwọ́ bọ bàtà níwájú àwọn tó fẹ́ rà á. Iléeṣẹ́ náà gbòòrò ju ti ayé bàbá rẹ̀ lọ.

Màmá wá bá ayàwòrán ní ilé fọ́tò fúnra rẹ̀. "Mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni."

"Ẹ ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, mà," ni ọmọbìnrin náà dá a lóhùn, lórí ìkúnlẹ̀. "Ó kàn ti tó báyìí ni."

Màmá fà á dìde, ó pè é ní ìyàwó òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀, gbọ̀ngàn ìjọba tó mọ níwọ̀nba ni wọ́n lò. Akọ̀wé ìgbéyàwó béèrè lọ́wọ́ ọkọ bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí. Ọkùnrin náà la ẹnu. "M-m..." Ó há. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyàwó ń wò ó, kò fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà tán, nítorí kò sí ẹni tó ṣe wàhálà tó báyẹn nítorí rẹ̀ rí.

Akọ̀wé fẹ́ ṣàánú. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kí n kúkú bá yín sọ ọ́, kí ẹ kàn mi orí?"

Láti ìjókòó iwájú ni Màmá ti dìde.

"Ẹ fi í sílẹ̀, akọ̀wé," ló wí. "Ó ń bọ̀."

Gbogbo wọn sì dúró, títí ọkùnrin náà fi sọ ọ́.