Páánù Ìkẹyìn Sàhéèdì

Kí oòrùn Sátidé tó yọ tán ní Lotto, Mowe, Sọ̀fíyátù ti se ìrẹsì kún kúlà ńlá mẹ́ta. Kí ló dé tí kò fi ní dáná? Ọdún kọkànlá rèé tí òun àti ọkọ rẹ̀, Sàhéèdì, ti wá láti Ìkirè, tí wọ́n ń háyà yàrá kan. Lónìí, ilé tiwọn ń wọ páánù.

Àwọn kápẹ́ńtà wà lókè, wọ́n ń kanṣó, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Sàhéèdì nìkan ló wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá kápẹ́ńtà ni òun náà.

Àṣà kan wà láàárín wọn: kápẹ́ńtà tó bá kọ́ ilé ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kan páánù ìkẹyìn, kó ṣàdúà láti òkè, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Sàhéèdì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bí páánù bá ti ń pariwo báyìí, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, òógùn á bò ó.

Oṣù méje sẹ́yìn ni atẹ́gùn gbé òun àti páánù bọ́ láti orí ilé kan ní Akute. Orí òkìtì yanrìn ló já sí, awọ ara rẹ̀ kò tiẹ̀ bó. Wọ́n ṣe sàráà, ọ̀rọ̀ parí lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, Sàhéèdì kò gun ilé mọ́. Ó ń kan àga àti tábìlì, ó ń purọ́ pé ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ó ku páánù kan o!" Ògúnkànmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ké láti òkè. "Ebi ń pa wá! Bí o kò bá gòkè, a máa gbé ẹ ni. Ọkùnrin kì í bẹ̀rù!"

Ló bá sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó ń fà á lọ sídìí àkàbà. Sàhéèdì di àkàbà mú gírígírí, kò lè gbé ẹsẹ̀ sókè. Ojú tì í bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!" Nọ́ọ̀sì Mọ́láyọ̀ ni, aládùúgbò tó wá bá Sọ̀fíyátù bu oúnjẹ. "Bọ̀ọ̀dá Sàhéèdì, ìgbà wo ló ti ń ṣe yín báyìí?"

"Láti Akute ni. Mo máa ń lálàá ìṣubú náà. Mo rò pé orí mi ti ń yí ni."

"Orí yín pé. Tírọ́mà lẹ ní."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Sọ̀fíyátù. "Yéè! Àrùn wo tún nìyẹn?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, mà. Àwọn ará Gíríìsì ló ni ín, ọgbẹ́ ló túmọ̀ sí. Ọgbẹ́ ara gan-an, ibi tí ọ̀kọ̀ ti gún jagunjagun. Títí dòní la ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ fẹ́ni tí mọ́tò bá kọlù. Ṣùgbọ́n nígbà tí rélùwéè dé ilẹ̀ òyìnbó, tó bá ní jàǹbá, àwọn kan á jáde láìfarapa, síbẹ̀ wọn ò ní lè sùn, wọ́n á máa gbọ̀n. Àwọn dókítà rí i pé ọkàn náà ń gbọgbẹ́, ni wọ́n bá yá ọ̀rọ̀ yẹn lò fún un."

"Ọgbẹ́ ni?" Sàhéèdì mí kanlẹ̀.

"Ọgbẹ́ ni. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ojo. Ó sì ń jinná, tí wọn ò bá ṣá máa họ ọ́." Ó wo Ògúnkànmí. "Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ṣé ẹ máa ní kó jó?"

Ògúnkànmí họ orí. "Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rẹ́ mi, má bínú."

"Páánù náà á dúró dè é," ni Sọ̀fíyátù wí. Wọ́n ta tapolín bo àyè rẹ̀, wọ́n sì jẹ ìrẹsì láìṣàdúà òkè. Inú Sàhéèdì dùn débi pé ó jẹ àwo mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì mú un lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn ní ilé ìwòsàn. Bí ó ti ń gba ìtọ́jú, Ògúnkànmí ń bá a di àkàbà mú, wọ́n ń fi ìgbésẹ̀ kan kún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ìró òòlù dún lórí ilé. Sàhéèdì ló wà lókè, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí ilé yìí jò!" ó gbàdúà. "Sọ̀fíyátù, gbé ìrẹsì wá!"

Ẹ̀yin ará Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, bí ẹni yín bá yọ nínú jàǹbá, ẹ ṣe sàráà, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ibẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Ẹ bi í bóyá ó ń sùn. Bí ẹ̀rù náà kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má pè é ní ojo, ẹ má sì fipá tì í gun àkàbà. Ẹ bá a di àkàbà mú.