Ojú Ọ̀run Tó Dúdú

Èéfín ti kun iwájú orí Orsola nígbà tí Anzolo kọ́kọ́ rí i. Ó fi ẹ̀mú gbé àwo bàbà kan sókè iná àbẹ́là, ó ń fi èéfín kun ìda tí wọ́n fi bo àwo náà. Kò gbójú sókè tó fi ní kí àlejò má wọlé, kí eruku bàtà rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ìda. Anzolo bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó wọlé. Orsola rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn sì fà mọ́ra lọ́jọ́ náà.

Bàbá Orsola, Bortolo, wà lára àgbà tó ń fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sórí bàbà ní ìlú Venezia. Ó gba Anzolo síṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, Anzolo tọrọ Orsola. Bàbá ní ọwọ́ tó bá ba bàbà òun jẹ́ kò ní gba ọmọ òun; bí ọ̀dọ́kùnrin náà bá ṣiṣẹ́ mọ́ títí di Àjíǹde, kó máa mú un lọ.

Àdúrà Màríà ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí yóò ti pẹ́ tó tí omi kíkan yóò fi jẹ bàbà níbi tí abẹ́rẹ́ ti ha ìda kúrò. Ogún àdúrà tó fún ojú ọ̀run inú àwòrán, torí bó bá pẹ́ jù, yóò dúdú. Wọn á fi ìda bò ó, kí omi náà má baà jẹ ẹ́ mọ́, kí wọ́n tó ka ọgọ́rùn-ún fún òjìji. Bàbá nìkan ló ń fi ìda bò ó, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú òun ti ń lọ, ṣùgbọ́n Anzolo ti rí i tó ń fọwọ́ tá bàbà kiri.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, wọ́n fi bàbà tẹ iṣẹ́ ọlọ́lá kan sórí bébà lójú rẹ̀. Ojú ọ̀run dúdú kirikiri. Ọlọ́lá náà bi wọ́n pé ta ló bà á jẹ́.

“Èmi ni, ọlọ́lá,” Anzolo dáhùn.

Orsola bá a lẹ́yìn ilé, omijé lójú. “Ṣé o mọ ohun tí o fi sílẹ̀ yẹn?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ojú Bàbá ti ń lọ, ta ló máa gbéṣẹ́ wá?”

“Èmi wá ńkọ́, olówó orí mi?”

Ẹyin lohùn, ọ̀rọ̀ Bàbá sì ti bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá pe àwọn méjèèjì.

“Èmi ni mo ba bàbà yẹn jẹ́,” ó ní. “Orsola, fi ọwọ́ ọkọ rẹ lé mi lọ́wọ́.”

Ó di ọwọ́ náà mú pẹ́. Orsola ní àwọn lè dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí aṣọ ìyàwó tó parí.

“Ẹ má jẹ́ kó pẹ́,” Bàbá sọ. “Mo fẹ́ rí i.”