Ohùn Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Táyọ̀

Sàláúdéènì gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù náà sórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìdè onírin tó wà nídìí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń tú wọn ló ń tò wọ́n sínú ọmọrí agolo mílíìkì, èyí tó kọ́kọ́ jáde níwájú, èyí tó kẹ́yìn lẹ́yìn, kí ìkankan má baà ṣìnà nígbà tó bá ń dè é padà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Rédíò bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú palẹ̀ lọ́mọdé, ìyà tó sì jẹ lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kó tètè mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà.

Ọmọbìnrin tó gbé ẹ̀rọ náà wá kò tíì lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ní Àpáta, nílùú kùsà kan lókè ọya, ó di aṣọ tó fi wé e mọ́ àyà bí ẹni pé ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ó ń falẹ̀," ó wí. "Orin á máa wọ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kú pátápátá. Ojoojúmọ́ ni màmá wa ń lò ó."

Sàláúdéènì bi í pé ta ló ni ín.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Táyọ̀ Akínwọlé, ní Laranto."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró. Ó ní òun mọ Táyọ̀, pé òun wà níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá lòun dúró sí. Kò sọ pé títí di òní, bí òun bá gbọ́ ìró bàtà lọ́sàn-án Sátidé, òun ṣì máa ń gbójú sókè láti wò ó bóyá Táyọ̀ ni. Ọmọbìnrin náà wò ó títí. Ó wọlé, ó ní Keziah lorúkọ òun, ó sì jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò mọ̀ pé ibi tí Táyọ̀ máa ń jókòó sí nìyẹn.

Nígbà tí Táyọ̀ ṣì wà láyé, ní nǹkan bí ọdún 1977, ṣọ́ọ̀bù Sàláúdéènì ni àwọn olólùfẹ́ Copper Kites ti ń pàdé ní Sátidé. Òyìnbó mẹ́rin ni Copper Kites, olórin rọ́ọ̀kì tí gìtá wọn máa ń ké bí ẹni tí ìyà ń jẹ. Nínú àwọn olólùfẹ́ náà, Harold wà níbẹ̀, ọmọ Bírọ̀mù láti Zawan, tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kùsà. Ádámù tó ń ta aṣọ náà wà níbẹ̀. Táyọ̀ sì ni ìkẹrin wọn. Olúkúlùkù ní ọmọrí ìgò kan tó fi òòlù tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì sàmì tirẹ̀ sí. Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀ lọ́dọọdún, wọn á fi ọmọrí ìgò náà dìbò fún orin tó dùn jù, wọn á sì fi ọ̀dà kọ orúkọ èyí tó bá wọlé sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Harold kì í yẹsẹ̀ lórí "Tin Lantern". Sàláúdéènì ní kò sí èyí tó tó "Harbour Dust". Táyọ̀ nìkan ló máa ń mú "Ferry Bell", orin tó kẹ́yìn lójú kejì àwo, èyí tó jẹ́ pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù á lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé. Lójú tiwọn, orin kan tó ń sáré kọjá lásán ni.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ọ," ni Táyọ̀ máa ń wí.

Wọn á ní àwọn ti gbọ́ ọ títí ó ti sú àwọn. Á rẹ́rìn-ín, á ní wọn ò tíì gbọ́ ọ. Kò sì lè mú wọn délé wá gbọ́ nǹkan kan, torí bàbá rẹ̀, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti ní ariwo wèrè kan ṣoṣo ti tó nínú ilé òun.

Gìtá rẹ̀ pàápàá, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe. Bó bá gbé e wá, tó ní kí òun bá rẹ́kọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù lù ú, ohùn gìtá náà á máa wà nísàlẹ̀ ti inú àwo. Harold á ní, "Haba, Táyọ̀, gìtá rẹ ò tíì jí." Táyọ̀ á yí okùn rẹ̀ le kó lè bá wọn mu. Bó bá délé, á tún dẹ̀ ẹ́ padà.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tí Táyọ̀ wọ̀ dojú dé lójú ọ̀nà Akwanga, kò sì padà wálé mọ́.

Àìsàn ẹ̀rọ náà kò ṣòro rí. Lẹ́nu mọ́tò iná tó wà nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀pá kékeré kan wà tí wọ́n fi idẹ bọ̀ lẹ́nu. Idẹ yìí ló ń yí táyà rọ́bà, táyà náà ló ń yí àwo. Bí idẹ bá ti jẹ, tó tín-ín-rín, àwo á máa falẹ̀ ni. Ti Táyọ̀ ti jẹ kí ó tó rà á lọ́wọ́ òyìnbó kùsà kan tó ń lọ sílé. Sàláúdéènì yọ ọ́, Harold gé tuntun, ó sì ju ògbólógbòó náà sínú ìkòkò tí wọ́n ti ń yọ́ idẹ.

Iṣẹ́ náà kò yẹ kó pẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Keziah ń wá wò ó, Sàláúdéènì sì ń wá nǹkan míì tún ṣe lára rẹ̀. Ó fi bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rìn nínú ojú àwo hàn án, ó sọ bí ọ̀nà tín-ín-rín yẹn ṣe lè gbé ohùn ènìyàn. Keziah, tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Gindiri, ní bó ṣe ń ṣàlàyé yẹn, òun lè gbọ́ ọ dalẹ́. Sàláúdéènì ní kó gbọ́ ọ dọjọ́ ogbó. Kò sẹ́ni tó tún ní láti sọ pé ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ tí Keziah gbé ẹ̀rọ náà lọ, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó tún máa padà wá, ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní Màmá gbé "Ferry Bell" sí i, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Táyọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Olórin náà bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó fúyẹ́ bíi ti ọmọdé. Màmá gbójú sókè, ó bèèrè pé, "Ta nìyí?"

"Kò dá ohùn yẹn mọ̀, Sàláú. Bó ṣe ń falẹ̀ nígbà kan, ohùn òyìnbó yẹn máa ń wúwo wálẹ̀. Táyọ̀ á máa bá a kọ ọ́, ohùn wọn á di ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n. Èmi ò sí nílé, n kò mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ó ní a ti lé e jáde nílé."

Bàbá bèèrè ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe. Nígbà tó gbọ́ orúkọ, tó tún gbọ́ pé Keziah fẹ́ ẹ, ó ní ohun tó dé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìmàle Ìlọrin ti mú ohùn ọmọkùnrin òun, ó tún fẹ́ mú ọmọbìnrin. Màmá ní ojú òun ò gbọdọ̀ rí onítọ̀hún. Wọ́n ti ẹ̀rọ náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọjọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ ilé Laranto bá Sàláúdéènì wá sí Àpáta. Bó bá ń tún rédíò ṣe, á dà bíi pé ẹnì kan jókòó sórí àpótí lẹ́yìn òun, tí kò sọ̀rọ̀. Òun àti Keziah kì í pàdé ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Nígbà kan Keziah ní, "Olólùfẹ́ mi, bí màmá mi ò bá lè wo ojú rẹ, n kò lè fẹ́ ọ." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Ọyẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, ìdìbò dé. Wọn kò lè dì í, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọmọrí ìgò Táyọ̀ wà, wọn kò sì fẹ́ dìbò láìsí tirẹ̀. Ó ṣe, Harold rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ gìtá yẹn tó máa ń sùn, òun ò sì ní í jí i mọ́.

Sàláúdéènì dìde. Kí ló dé tí gìtá Táyọ̀ fi máa ń wà nísàlẹ̀? Ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń falẹ̀ nílé ló ń fi wọn ohùn okùn rẹ̀. Ohun tí ìkòkò idẹ ti yọ́, okùn gìtá ṣì di ìwọ̀n rẹ̀ mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó mú Harold dání, ó lọ sí Laranto, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá Táyọ̀ nínú pálọ̀.

"Màmá, èmi ni mo tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bà á jẹ́ padà."

Bàbá sọ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó bi Keziah bóyá orí ọmọkùnrin rẹ̀ yìí pé. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ ó sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ pé bí wọ́n bá rin idẹ tuntun náà tín-ín-rín, àwo á tún falẹ̀, pé ìwọ̀n ohùn tó yẹ kó dé ṣì wà lára gìtá tó wà lára ògiri, tẹ́nikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà náà.

"Bí o bá rin ín kọjá ńkọ́?"

"Idẹ tí a bá rin kúrò kì í padà, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lè gbà," ìyá náà wí. "Mo ti sin ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò lè sin ín lẹ́ẹ̀kẹta."

Keziah gbé gìtá náà wá, eruku rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Sàláúdéènì tú ẹ̀rọ, ó to àwọn ìdè sínú ọmọrí agolo rẹ̀, ó jẹ́ kí mọ́tò máa yí, ó sì fi sáńpépà tó kúnná kan idẹ náà lára, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Á dáwọ́ dúró, á gbé àwo sí i, Keziah á ta okùn tó nípọn jù. Agogo tó bẹ̀rẹ̀ orin náà ṣì ga ju okùn lọ. Á tún rin ín. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. Á tún rin ín.

Ẹ̀rù kan wà tí kò sọ. Okùn irin náà máa ń dẹ̀ bó bá pẹ́ lára ògiri. Bó bá tẹ̀lé gìtá dé òpin, ó lè kọjá ààlà. Nítorí náà, nígbà tó kù díẹ̀ kí ohùn méjèèjì pàdé, ó fi ọwọ́ ní kí Keziah dúró, ó sì yí ojú sí Màmá. Ọwọ́ ìyá náà ń lọ́ etí ìró rẹ̀, ó ń lọ́ ọ, ó ń lọ́ ọ. Sàláúdéènì tún fi sáńpépà kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Agogo náà dún, ó wúwo, bí èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ odò bọ̀. Gìtá inú àwo tẹ̀lé e, kò sáré mọ́. Ó ń rìn bí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ohùn bọ́ sí i, ohùn ọkùnrin tó jinlẹ̀.

Ọwọ́ Màmá dúró lára ìró rẹ̀.

Sàláúdéènì gbé sáńpépà sílẹ̀.

Orin náà parí. Bàbá ti bo ojú. Harold, tó dúró lẹ́bàá fèrèsé, sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ashe, àṣé ohun tí Táyọ̀ ń gbọ́ nìyí."

Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn ìdè padà. Nígbà tí ìkẹyìn wọlé, tí ọmọrí agolo ṣófo, Harold yọ ọmọrí ìgò rẹ̀ nínú àpò, ó jù ú sí i. "Ferry Bell," ó wí. Sàláúdéènì fi tirẹ̀ tì í. Màmá bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, Keziah sì ṣàlàyé fún un.

Ìyá náà dìde, ó wọ yàrá. Ó jáde pẹ̀lú irin pẹrẹsẹ kékeré kan. Ó ní àpò aṣọ tí Táyọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tó kú ni òun ti rí i, òun ò mọ ohun tí ó ń ṣe, òun ò sì lè sọ ọ́ nù. Ó fi í lé orí àwọn ìyókù.

Lẹ́yìn náà, ó wo ọkọ rẹ̀. Bàbá ní kó rántí pé ìmàle lọmọ náà o. Màmá ní òun mọ̀, òun kàn rí i pé ọmọ náà ló mú Táyọ̀ wálé. Ó wá kọjú sí Sàláúdéènì, ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ní káwọn èèyàn rẹ máa bọ̀," ó wí. "Bí wọ́n bá dé, àga Táyọ̀ ni kí ìwọ jókòó sí."